SSD NVMe 7,400 Mo/s lórí B550: kí ni kí n dán wò kí ọjọ́ méje ìdápadà tó pé?

Ọmọ_Ouando (Àjàṣẹ́)

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mo fẹ́ ra SSD NVMe 1 To (To, Go àti Mo ni TB, GB àti MB lédè Faransé) fún kọ̀ǹpútà tí mo fi ń to fídíò, tí mo sì fi ń gbá géèmù. Ohun tó wà nínú káìsì náà nìyí: mọ́dábọ́ọ̀dù B550 oníhò M.2 méjì (ihò tí SSD NVMe ń wọ̀), CPU Ryzen 5 5600G, RAM 32 Go, SSD SATA 480 Go tí Windows 11 wà lórí rẹ̀, tó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, àti dísìkì onírin 2 To. Kò sí káàdì àwòrán lọ́tọ̀. Fídíò 4K ni mò ń tò, 100 Mb/s: Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó. Inú káàdì SD 128 Go ni wọ́n ti ń wọlé.

Méjì ni ẹni tó ń tajà gbé síwájú mi. Èkíní jẹ́ Gen4 (PCIe 4.0), TLC, ó ní DRAM, 7,400 Mo/s ni wọ́n kọ sára páálí, 600 TBW (iye To tí gàrántí gbà kí a kọ sí i). Èkejì náà jẹ́ Gen4, 5,000 Mo/s, QLC, kò ní DRAM, 220 TBW. Ẹgbẹ̀rún méjìlélógún sẹ́fà ni èkíní fi wọ́n ju èkejì lọ. Ọjọ́ méje ló fún mi láti dá a padà bí mo bá rí àléébù, ṣùgbọ́n ó ní kí n fi ẹ̀rí hàn, pé "ó ń falẹ̀" kì í ṣe ẹ̀rí.

Ìbéèrè mi: èwo ni kí n mú? Kí ni kí n dán wò láàárín ọjọ́ méje yẹn, báwo ni mo sì ṣe máa ka èsì rẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí pé yàrá mi kò ní kùlìmátísà. Láti oṣù kejì sí oṣù kẹrin, 33 tàbí 34 ni ooru inú ibẹ̀ lọ́sàn-án.

Àǹtí_Ẹ̀rọ (Kétu)

Àbúrò, kú ìnáwó tó ń bọ̀. Kí a tó dé orí SSD, jẹ́ ká yẹ 5600G rẹ wò, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Lóòótọ́ ni B550 lè fún ihò M.2 àkọ́kọ́ ní PCIe 4.0 (PCIe ni ọ̀nà tí dátà ń gbà láàárín SSD àti CPU), ṣùgbọ́n inú CPU ni ọ̀nà yẹn ti ń wá, 5600G kò sì kọjá PCIe 3.0. Ryzen 5 5600 tí kò ní G lẹ́yìn ló ní 4.0. Nítorí náà, ohunkóhun tí o bá kì sínú ihò yẹn, ọ̀nà mẹ́rin ti PCIe 3.0 ló máa gbà. Ọ̀nà kan ń gbé bíi 985 Mo/s, mẹ́rin jẹ́ nǹkan bíi 3,940. Tí a bá yọ ohun tí ìlànà ìfiránṣẹ́ fúnra rẹ̀ ń jẹ, 3,500 tàbí 3,600 ni o máa rí. 7,400 kò ní yọjú, 5,000 náà kò ní yọjú. Kódà bí o bá ra Crucial T700 2 To, tó jẹ́ Gen5, tí wọ́n kọ 12,400 sí, ibi 3,500 yẹn náà ló máa dúró sí lórí ẹ̀rọ rẹ.

Ó túmọ̀ sí pé lọ́dọ̀ tìrẹ, nọ́ńbà ńlá ara páálí ti di ọ̀kan náà fún àwọn méjèèjì. Ibòmíràn ni ìyàtọ̀ wọn wà, ohun tó sì yẹ kí o fi ẹgbẹ̀rún méjìlélógún yẹn rà nìyẹn.

Wo bí wọ́n ṣe ń kọ nǹkan sínú wọn. TLC ń kó bíìtì mẹ́ta sínú ìyẹ̀wù kan, QLC ń kó mẹ́rin. Bí bíìtì bá ṣe pọ̀ tó nínú ìyẹ̀wù, bẹ́ẹ̀ ni kíkọ rẹ̀ ṣe ń falẹ̀ tó, torí kọntiróólà, ṣíìpù tó ń darí SSD, gbọ́dọ̀ ṣọ́ iná náà dé ìwọ̀n tó tọ́ gan-an. Kí wọ́n má bàa falẹ̀ lójú ẹni tó rà á, wọ́n kọ́kọ́ ń fi bíìtì kan ṣoṣo sínú ìyẹ̀wù kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní SLC cache. Ó dà bí ẹni tó ń kó iṣu dé láti oko, tó ń jù ú sí ìloro kí ó tó ráyè tò ó sí àká. Bí ìloro bá ṣì láyè, eré ni. Bí ìloro bá kún, ẹrù tuntun ń dé, ẹni kan náà ló ń gbà á, òun náà ló ń kó ti ìloro wọ àká. Nígbà yẹn ni TLC tó dára ń já sí 1,000 tàbí 1,500 Mo/s, tí QLC lè já sí 100 tàbí 200, ìyẹn ni pé dísìkì onírin rẹ lè sáré jù ú lọ. Ìloro yìí kì í sì dúró lójú kan: lórí ọ̀pọ̀ SSD, bí àyè tó ṣófo bá ń dín kù ni òun náà ń kéré sí i. SSD tó kún dé 85% kì í ṣe èyí tí o dán wò lọ́jọ́ tí o rà á.

Ní ti DRAM: inú rẹ̀ ni máàpù tó ń sọ ibi tí nǹkan kọ̀ọ̀kan wà máa ń dúró sí, nǹkan bíi 1 Go fún 1 To. Èyí tí kò ní DRAM ń yá díẹ̀ lára RAM kọ̀ǹpútà, 64 Mo lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n ń pè é ní HMB. Fún géèmù àti fún ṣíṣí Windows, HMB tó. Níbi tí wàá ti mọ̀ ọ́n lára ni ìgbà tí o bá ń ka fáìlì kéékèèké káàkiri gbogbo dísìkì náà lẹ́ẹ̀kan. Lójú tèmi, àìsí DRAM kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ SSD kejì yẹn, QLC ni.

Jẹ́ ká ṣírò iṣẹ́ rẹ gan-an. 100 Mb/s jẹ́ 12.5 Mo/s (bíìtì mẹ́jọ ló ń di octet kan, má jẹ́ kí Mb àti Mo dàpọ̀ mọ́ ọ lójú). Wákàtí kan fídíò jẹ́ 45 Go. Ìlànà UHS-I ti káàdì SD kò kọjá 104 Mo/s, nítorí náà 128 Go tó ń wọlé ní 90 Mo/s yóò gba bí ìṣẹ́jú 24, ì báà jẹ́ SSD èwo ló ń gbà á. QLC pàápàá lè gba ìyẹn láìmira. Ibi tí yóò ti ń dá ọ lóró ni bí o bá ń gbé iṣẹ́ 200 Go láti orí NVMe kan sí òmíràn, tàbí bí dísìkì bá ti kún tí sọ́fútíwíà fídíò rẹ ṣì ń da fáìlì ìgbà díẹ̀ sórí rẹ̀. Fi TBW kún un: 600 TBW láàárín ọdún márùn-ún jẹ́ nǹkan bíi 328 Go lójúmọ́, 220 jẹ́ 120 Go. Mú èkíní. Bó bá jẹ́ géèmù nìkan ni, màá ní kí o mú èkejì kí o fi ìyókù owó ra nǹkan mìíràn.

Nísinsìnyí, ìdánwò. Kí o tó kọ ohunkóhun sórí rẹ̀, ya àwòrán páálí, ti sitíkà tó ní nọ́ńbà ìdánimọ̀, àti ti ìwé ìsanwó. Má ṣí sitíkà ara SSD náà rárá: gàrántí wà lórí rẹ̀, òmíràn sì ní bébà bàbà lábẹ́ tó ń fọ́n ooru ká. Lẹ́yìn náà, ṣí CrystalDiskInfo, sọ́fútíwíà Windows tó ń fi ìlera dísìkì hàn. Power On Hours (wákàtí tó ti fi ṣiṣẹ́) yẹ kó jẹ́ 0 tàbí 1, Total Host Writes (iye tí wọ́n ti kọ sí i) yẹ kó súnmọ́ 0, ìlera 100%. Bó bá sọ wákàtí 900, àlòkù ni wọ́n tà fún ọ ní owó tuntun. Ẹ̀rí tó lágbára jù nìyẹn, torí náà ya àwòrán ojú kọ̀ǹpútà kí o tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Wo Transfer Mode lẹ́yìn ìyẹn: ọwọ́ òsì ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ni ohun tí SSD lè ṣe. Lọ́dọ̀ rẹ, ó yẹ kó jẹ́ PCIe 3.0 x4 | PCIe 4.0 x4. Windows máa sọ pé 931 Go ló tóbi, má bẹ̀rù, 1 To tí ilé iṣẹ́ fi 1,000 kà, tí Windows fi 1,024 kà, ló di ìyẹn.

Nínú CrystalDiskMark, èyí tó ń wọn eré dísìkì, lọ sí Settings kí o yan NVMe SSD, yí 1GiB kúrò kí o gbé e sí 64GiB. Ìloro gba 1GiB tán kó tó mí. Lẹ́yìn SEQ1M Q8T1 (dátà ńlá ní ìtẹ̀léra) tí gbogbo ayé ń fi ṣe fáàrí, ojú rẹ kó wà lórí RND4K Q1T1 (ègé kéékèèké káàkiri) ti kíkà. Ìyẹn ló jọ bí Windows àti géèmù ṣe ń béèrè nǹkan: ẹyọ kan, kó dúró dè é, kó tún béèrè òmíràn. Dísìkì onírin kì í fẹ́ pé 1 Mo/s níbẹ̀, SSD SATA máa ń wà ní 30 sí 40, NVMe TLC tó dára máa ń wà ní 60 sí 90. Bó bá jẹ́ 25, nǹkan wà.

Sábẹ̀ẹ́_Linux

Àǹtí, ẹ ṣeun gan-an. Mo fara mọ́ gbogbo rẹ̀, àfi pé 64GiB kò tó. Ìloro TLC 1 To tó ṣófo lè gba ju 100 Go lọ, ti òmíràn sì lè fẹ́ dé 300 Go. 64GiB á wọlé á jáde, kò ní mọ̀ pé àká wà. Ẹ kọ ọ́ kún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù pé ó máa jẹ ẹ̀mí SSD náà, 1 To nínú 600 ni, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mẹ́fà.

Ubuntu (ẹ̀yà Linux kan) orí kọ́kọ́rọ́ USB tó. Lójú ìwé àkọ́kọ́, ẹ yan kíbọọ̀dù Français, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, AZERTY yín á máa fi Q dípò A, ẹ ò sì ní rí / àti - níbi tí wọ́n wà. Ẹ fi íntánẹ́ẹ̀tì sí i, lẹ́yìn náà (fio ló ń kọ dísìkì kún, nvme-cli àti smartmontools ń ka ìlera àti ooru rẹ̀):

sudo apt install fio nvme-cli smartmontools f3

lsblk

Ẹ wo lsblk dáadáa kí ẹ mọ èyí tó jẹ́ nvme0n1 gan-an, torí àṣẹ tó ń bọ̀ yìí ń pa gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ rẹ́ pátápátá:

sudo fio --name=kikun --filename=/dev/nvme0n1 --rw=write --bs=1M --iodepth=8 --ioengine=libaio --direct=1 --size=100% --write_bw_log=kikun --log_avg_msec=1000

Ẹ ṣí ojú àṣẹ kejì fún ooru:

watch -n 2 sudo nvme smart-log /dev/nvme0

Bó bá parí, fáìlì kikun_bw.1.log ni ẹ máa kà. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ lórí ìlà jẹ́ mìlísẹ́kọ́ńdù, èkejì jẹ́ KiB/s. Ẹ gbé fáìlì yìí sórí USB mìíràn kí ẹ tó pa ẹ̀rọ, torí inú RAM ni Ubuntu yẹn wà, yóò bá a lọ. TLC tó dára á parí láàárín bí ìṣẹ́jú 11 sí 15. QLC lè gba wákàtí kan àti ààbọ̀.

Ìwà àdánidá SSD ni kí eré bọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kó sì dúró síbẹ̀, ìloro ló kún. Kí ó máa bọ́, kó máa gòkè, kó tún bọ́, ooru nìyẹn. Kí ó dúró pátápátá fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lẹ́yìn-ò-rẹyìn láìsí ooru, kọntiróólà tàbí firmware (sọ́fútíwíà inú SSD fúnra rẹ̀) ló ń ṣàìsàn, ìyẹn ni kí ẹ fi dá a padà. Lẹ́yìn rẹ̀, sudo smartctl -a /dev/nvme0: "Media and Data Integrity Errors" gbọ́dọ̀ jẹ́ 0. Ọ̀kan péré lórí SSD tuntun tó láti dá a padà, ẹ má jiyàn pẹ̀lú ẹnikẹ́ni.

Bí ẹ bá fura pé ayédèrú ni, tí wọ́n fi 1 To sára ohun tí kò tó bẹ́ẹ̀, ẹ fọ́máàtì rẹ̀ kí ẹ fi f3write kọ ọ́ kún, kí ẹ fi f3read kà á padà. H2testw ń ṣe iṣẹ́ kan náà lórí Windows. Èyí tó jẹ́ ayédèrú máa ń gba gbogbo ohun tí ẹ bá kọ láìjanpata, ìgbà tí ẹ bá kà á padà ni àṣírí tú.

Ohun méjì máa ń pa irọ́ fún ènìyàn. Ẹ má dán kíkà wò lórí dísìkì tí ẹ kò tíì kọ nǹkan sí. Kọntiróólà mọ̀ pé kò sí nǹkan níbẹ̀, á kàn dá òdo padà láìkan ìyẹ̀wù kankan, nọ́ńbà á wá lẹ́wà lásán. Ẹ má sì dán an wò nínú àpótí USB. 10 Gb/s kò lè kọjá bíi 1,000 Mo/s, HMB kì í sì ṣiṣẹ́ gba ọ̀nà USB.

Ní ti ooru, smartctl kan náà ń tẹ "Warning Comp. Temp. Threshold" jáde. Ìyẹn ni ààlà tí ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ fi lélẹ̀ fún SSD yín, lórí ọ̀pọ̀ rẹ̀ ó wà ní 80 sí 85. Àyẹ̀wò tí ẹ ń kà láti Yúróòpù, yàrá 22 ni wọ́n ti ṣe é. Bí tiwọn bá dé 70, tiyín nínú yàrá 34 á fẹ́ dé 82, torí bí afẹ́fẹ́ bá fi méjìlá gbóná sí i, SSD náà á fi méjìlá gbóná sí i. Nítorí náà, aago méjì ọ̀sán ni kí ẹ ṣe ìdánwò kíkún. Èsì aago márùn-ún ìdájí kò wúlò fún ẹni tó ń fi ọ̀sán ṣiṣẹ́ ní Àjàṣẹ́, ká má tíì sọ ti Sábẹ̀ẹ́ níhìn-ín.

Ọmọ_Ouando (Àjàṣẹ́)

Ẹ ṣeun o, ẹ̀yin méjèèjì. Mo mú èkíní. Ọkàn mi ò balẹ̀, ẹ bá mi wo èyí:

CrystalDiskInfo: Power On Hours 0, Power On Count 4, Host Writes 0, ìlera 100%. Transfer Mode: PCIe 3.0 x2 | PCIe 4.0 x4.
SEQ1M Q8T1 kíkà 1,745, kíkọ 1,690. RND4K Q1T1 kíkà 62.
Ooru kò kọjá 58.

Ìdajì 3,500 ni mò ń rí. Dísìkì onírin mi náà sì ti pòórá, Gestion des disques ti Windows kò rí i mọ́. Ihò kejì ni mo ki SSD sí, torí fáànù CPU ńlá bo ihò àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀. Ṣé kí n tètè dá a padà?

Àǹtí_Ẹ̀rọ (Kétu)

Má dá a padà o. Kò sí ohun tó ṣe SSD náà. x2 tó wà lọ́wọ́ òsì ni gbogbo ọ̀rọ̀: ọ̀nà méjì ló rí dípò mẹ́rin, méjì ti PCIe 3.0 sì ń fúnni ní bíi 1,700. Nọ́ńbà rẹ bá a mu rẹ́gí. Ihò kejì lórí B550 kì í gba inú CPU, inú chipset, ṣíìpù alárinà orí bọ́ọ̀dù, ló ń gbà, chipset sì ń pín ọ̀nà rẹ̀ fún SATA, USB àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Bọ́ọ̀dù òmíràn fún ihò náà ní mẹ́rin, òmíràn fún un ní méjì péré. Ọ̀pọ̀ ló sì máa ń pa ihò SATA méjì bí nǹkan bá ti wọ ibẹ̀. Ìdí nìyẹn tí dísìkì onírin rẹ fi pòórá. Ṣí ìwé bọ́ọ̀dù rẹ, wá tábìlì M.2 àti SATA, wàá rí nọ́ńbà SATA tó ń kú. Gbé wáyà dísìkì náà lọ sí SATA1 tàbí 2, yóò padà. Power On Count 4 kò burú, tuntun náà lè ti tan bí ìgbà mélòó kan.

Gbé SSD lọ sí ihò tó súnmọ́ CPU. Bó bá di dandan láti yọ fáànù CPU, fetí sílẹ̀ dáadáa, torí ibi yìí ni wọ́n ti ń ba AM4 (irú ìhò CPU tìrẹ) jẹ́. Jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí páàsìtì ooru rọ̀, pa á, yọ wáyà iná, tẹ bọ́tìnì ìtanná lẹ́ẹ̀kan kí iná tó kù jáde. Tú ìdè fáànù náà, yí i sọ́tùn-ún sósì díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi já. Má fà á sókè ní tààrà: ìhò AM4 kì í di CPU mú láti òkè, bí páàsìtì bá ti gan, CPU á bá fáànù jáde pẹ̀lú gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ tó bá sì tẹ̀, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ni. Nu páàsìtì àtijọ́ nù, fi tuntun tó tó ẹ̀wà kan sí àárín.

Ki SSD wọlé ní gègéré, bíi ìwọ̀n 30, títí ìlà wúrà rẹ̀ kò fi fẹ́ hàn mọ́, tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, dè é ní ibi 2280 (gígùn 80 mm). Ìdè náà kò gbọdọ̀ le. Bó bá jẹ́ ìgbà ọyẹ́, fọwọ́ kan irin káìsì lemọ́lemọ́, torí afẹ́fẹ́ gbígbẹ ń kó iná sára ènìyàn. Irin pẹlẹbẹ tó bá bọ́ọ̀dù wá, tí wọ́n ń pè ní heatsink, ní pádì rírọ̀ lábẹ́. Ọ̀rá tín-ín-rín kan wà lójú pádì náà, bó o sí kúrò kí o tó dè é mọ́lẹ̀.

Wọ́ọ̀tì_àti_Fóòtì (Àjàṣẹ́)

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó ṣe ìdánwò kíkún yẹn, ẹ fi kọ̀ǹpútà sórí onduleur (UPS). SSD tí àwa ń rà lọ́jà kò ní kapásítọ̀ ńlá tó lè gbé e títí yóò fi kọ ohun tó wà lọ́wọ́ sílẹ̀ bí iná bá lọ, àwọn ti ilé dátà ló ní in. Fáìlì tó ṣì ń kọjá lọ́wọ́ lè bàjẹ́, bí máàpù bá sì wà nínú ohun tó ń kọ lọ́wọ́, ẹ lè pàdánù ju fáìlì kan lọ. "Unsafe Shutdowns" nínú smartctl ń ka iye ìgbà tí iná já a sílẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà yẹn sílẹ̀ lónìí, kí ẹ máa wò ó lóṣooṣù: bó bá ń gun òkè, onduleur yín ti rẹ̀, bátìrì inú rẹ̀ ni kí ẹ pààrọ̀. Bí firmware tuntun bá wà, ẹ ṣe é kí ẹ tó kó iṣẹ́ sórí rẹ̀, lórí onduleur nìkan. Kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ: ní 2023, Samsung gbé firmware kan jáde fún 990 Pro torí pé ìlera tí SSD náà ń fi hàn ń já sílẹ̀ kíákíá ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọmọ_Ouando (Àjàṣẹ́)

Mo ti gbé e. CPU kò bá fáànù jáde, ẹ ṣeun, Àǹtí. Dísìkì onírin ti padà lórí SATA1. Ó ti di PCIe 3.0 x4 | PCIe 4.0 x4. SEQ kíkà 3,540, kíkọ 3,310, RND4K Q1T1 kíkà 71. fio ní aago méjì ọ̀sán, yàrá 33, onduleur wà níbẹ̀: 3,200 títí dé 118 Go, ó wá bọ́ sí 1,450, ó dúró síbẹ̀ dé 640 Go. Láti ibẹ̀, ó ń bọ́ sí 700, ó ń gòkè padà, ooru 82 sí 83. Errors 0.

Sábẹ̀ẹ́_Linux

SSD yín dára. 118 Go ni ìloro rẹ̀, 1,450 ni àká rẹ̀, èyí sì ju ohun tí iṣẹ́ yín máa béèrè lọ. Ìbọ́sílẹ̀ láti 640 lọ jẹ́ ti ooru, ẹ wo bó ṣe bá 82 rìn. Ẹ tún heatsink yẹn tú, kí ẹ wo pádì. Bí àmì SSD kò bá hàn lójú rẹ̀ káàkiri, kò kàn án dáadáa. Bí ọ̀rá bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ ti rí i. Bí àlàfo bá wà, pádì tó nípọn sí i díẹ̀ ni kí ẹ wá. Ẹ má fi méjì lé ara wọn, yóò tẹ SSD náà kọ́rọ́.

Ọmọ_Ouando (Àjàṣẹ́)

Ọ̀rá ni o, ẹ̀gbọ́n! Mo bó ti ojú kan, mi ò mọ̀ pé ojú kejì tó kọ sí irin náà ní tirẹ̀. Mo tún un ṣe ní ọ̀sán òní: ó gun òkè dé 70, 1,450 dúró ṣánṣán dé òpin. Ó ku ọ̀kan: fio ti kọ ọ́ kún bámúbámú, ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni kí n ṣe máa lò ó? Àyè mélòó ni kí n fi sílẹ̀?

Sábẹ̀ẹ́_Linux

Rárá, ẹ sọ fún SSD náà ná pé kò sí nǹkan lórí rẹ̀ mọ́. Nínú Ubuntu: sudo blkdiscard /dev/nvme0n1, ẹ tún fi lsblk wò ó lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó tẹ Entrée. Tàbí kí ẹ fi Windows fọ́máàtì rẹ̀ lásán, òun náà ń fi TRIM, àṣẹ tó ń sọ bẹ́ẹ̀ fún SSD, ránṣẹ́. Kí ẹ wá fi ẹ̀rọ sílẹ̀ ní títàn fún ìdajì wákàtí láìṣe nǹkan. Nínú 931 yẹn, ẹ pín bíi 840 fún Windows àti iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́, ẹ fi bíi 90 sílẹ̀ láìpín in rárá. Kọntiróólà á máa lò ó bí ìloro, àti bí àyè láti tún ẹrù tò. Iṣẹ́ tó bá ti parí, ẹ gbé e lọ sórí dísìkì onírin. Kí SSD SATA àtijọ́ sì gba fáìlì ìgbà díẹ̀ ti sọ́fútíwíà fídíò.

Àǹtí_Ẹ̀rọ (Kétu)

Mo fara mọ́ gbogbo rẹ̀, àfi fáìlì ìgbà díẹ̀ yẹn. Fi wọ́n sórí NVMe, àbúrò. Kíkà kéékèèké ni sọ́fútíwíà fídíò ń ṣe lórí wọn nígbà tí o bá ń fa ìlà àkókò síwá sẹ́yìn, 71 rẹ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì ohun tí SATA lè ṣe. Wọn ò ní fọwọ́ kan 328 Go lójúmọ́ láé.